Oúnjẹ Ìkejì Bàbá Mi

Kò sí ìgbà tí wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀ nílé wa tí bàbá mi kì í kọ́kọ́ bu ti ẹni tó ti kú. Bó bá jẹ́ iyán ni, á gé e níwọ̀n ìkúùkù ọmọdé, á da ọbẹ̀ ìlasa díẹ̀ lé e lórí, á sì gbé e sínú igbá kékeré kan lọ sí yàrá rẹ̀. Ibẹ̀ ni ère ìkejì rẹ̀ dúró sí lórí àpótí. Ojú ère náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ nítorí iye ọdún tí wọ́n ti ń wẹ̀ ẹ́ tí wọ́n sì ń fi osùn pa á lára. Ìbejì ni bàbá mi. Ìkejì rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí mi. Ní Igbó-Ọrà tiwa, ìbejì kì í ṣe ohun tí ń ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, nítorí náà kò sí ẹni tó rí ohun àjèjì nínú pé bàbá mi ń fún ìkejì rẹ̀ lóúnjẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá mi á da ohun tó wà nínú igbá náà fún adìẹ, á ṣan igbá, á sì dá a padà sí àyè rẹ̀.

Èmi àti ìyá mi là ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá mi kì í lọ, kì í sì í dí wa lọ́wọ́. Ìyá mi kò fẹ́ràn ère náà, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ kó sọ̀rọ̀ sí i rí. Ní tèmi, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí oúnjẹ bá wà nínú yàrá yẹn, n kì í fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ kọjá. Mo máa ń rò pé bí mo bá yọjú lójijì, màá bá ẹnì kan tó jókòó sórí àpótí, tó ń jẹun, tí yóò sì gbé ojú sókè wò mí.

Iṣu ni bàbá mi ń gbìn. Oko rẹ̀ wà lọ́nà Igangan, ilẹ̀ tó jẹ́ pé bí o bá kọ ebè síbẹ̀, iṣu tí wàá wà níbẹ̀ yóò tó ohun tí ọkùnrin méjì ń gbé. À ń jẹ iṣu ní sísè láàárọ̀, à ń jẹ àmàlà lọ́sàn-án, a sì ń jẹ iyán nírọ̀lẹ́. Bí wọ́n bá ní kí bàbá mi jẹ ìrẹsì, á jẹ ẹ́ tán, á wá béèrè pé ìgbà wo ni oúnjẹ máa jinná.

Ọdún tí mo parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́, wọ́n gbé mi wá sí ilé-ìwé míṣọ́n kan nínú ìlú wa. Inú bàbá mi dùn. Láti ọjọ́ yẹn ló ti fi orúkọ mi sílẹ̀, Tíṣà ló ń pè mí, ìyá mi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Bàbá Tíṣà. Ọdún yẹn kan náà ni omi bẹ̀rẹ̀.

Ìró rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí, bí ahá ìbomi ṣe ń kan ìdí àmù. Bàbá mi á ti oko dé, á mu omi, á jókòó, á tún dìde lọ mu omi. Bó bá ń jẹun lọ́wọ́, á dá oúnjẹ dúró, á mu omi. Ìyá mi bi í léèrè lọ́jọ́ kan.

"Bàbá Tíṣà, ṣé iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ ni?"

"Iyọ̀ kò pọ̀ o. Òùngbẹ ló kàn ń gbẹ mí."

"Òùngbẹ wo nìyí? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pọn àmù yẹn kún láàárọ̀ ni."

"Ṣé omi ni o ń ṣahun rẹ̀ sí mi?" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ ti gbẹ, ó ń là.

Ó ń jẹun dáadáa, àní ó ń jẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Síbẹ̀ ara rẹ̀ ń joro. Egungun èjìká rẹ̀ yọ. Dàǹṣíkí tó ń wọ̀ lọ sí oko wá dà bíi pé ti ẹlòmíràn ló yá. Ìyá mi sì ń ṣe ohun tí ìyàwó gbogbo á ṣe nígbà náà: bí ó bá ti rí i pé ó rù sí i, á gún iyán tó tóbi sí i.

Lẹ́yìn náà ni èèrà dé. Ẹ̀yìn ilé, lẹ́bàá ògiri ibi tí bàbá mi ti máa ń tọ̀, ni ìyá mi ti rí wọn. Ó pè mí wá wò ó. Èèrà pupa ni, wọ́n to jáde láti abẹ́ ògiri, wọ́n sì ṣùjọ sórí ilẹ̀ tútù náà bí ẹni pé oyin ni wọ́n dà síbẹ̀. A dúró níbẹ̀, a ń wò wọ́n. Ìyá mi fi eérú bò wọ́n. Nígbà tó fi di ọ̀sán, wọ́n ti gba orí eérú padà wá.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí wọ́n fẹ́ sí Ayétẹ̀, ló wá kí wa lásìkò yẹn. Arúgbó tó lágbára ni, tó ń fi ẹsẹ̀ rìn bí ọmọge. Ó bá àbúrò rẹ̀ lábẹ́ igi níwájú ilé, ó kí i, ó sì tẹjú mọ́ ọn. Bàbá mi dìde lọ mu omi, ó padà, kò pẹ́ ó tún dìde. Ìyá náà fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ó wọlé wá bá wa ní ibi ìdáná, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò tilẹ̀ bèèrè àpótí.

"Láti ìgbà wo ló ti ń mu omi báyìí?"

Ìyá mi ní, "Ó ti ṣe díẹ̀, ẹ̀yin ìyá wa."

"Èèrà ńkọ́?"

Ọwọ́ ìyá mi dúró lórí ìkòkò. Kò sí ẹni tó tíì sọ ọ̀rọ̀ èèrà fún un.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ bí ìkejì bàbá mi ṣe kú. Ahéré oko ni ó wà, òun àti bàbá mi, nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì jẹ́ àpọ́n. Omi ló ń bèèrè láti àárọ̀ di alẹ́. Ó rù títí tí wọ́n fi lè gbé e bí ẹni gbé ẹrù igi. Èèrà wọ ahéré. Níkẹyìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹ, èémí rẹ̀ sì ń rùn bí èso tó ti pọ́n jù. Ó sùn, kò sì jí mọ́.

"Mo ti mọ̀ pé ìkejì rẹ̀ á wá pè é lọ́jọ́ kan," ni ìyá náà wí. "Ẹ̀rù ọ̀nà tó dá nìkan rìn ló ń bà á."

Èmi tí mo ti kàwé, mo fẹ́ sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìta, a tún gbọ́ ahá nínú àmù.

Mo bẹ bàbá mi títí kó tó gbà pé kí a lọ sí ọsibítù ní Abẹ́òkúta. A wọ lọ́rì lọ, èmi, òun àti ìyá mi. Ọmọkùnrin Ẹ̀gbá kan tó ń bá wọn po oògùn níbẹ̀ ló gba ìtọ̀ bàbá mi. Ó kán díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí omi oògùn aláwọ̀ aró wà nínú rẹ̀, ó sì gbé e sórí iná. Àwọ̀ aró náà di àwọ̀ ewé. Ó di àwọ̀ ìyeyè. Lẹ́yìn náà ó pọ́n, ó ki, bí ilẹ̀ pupa tó wà lójú ọ̀nà wa. Bàbá mi ń wò ó láìṣẹ́jú.

"Kí ni mo mu tó pọ́n báyìí?"

Ọmọkùnrin náà ní, "Ṣúgà ni, bàbá. Ṣúgà ló wà nínú ìtọ̀ yín."

"N kì í lá ṣúgà. Ṣúgà òyìnbó? Ẹ bi ìyàwó mi."

Dókítà òyìnbó náà jókòó, ó fi ara balẹ̀ sọ̀rọ̀, ọmọkùnrin náà sì ń túmọ̀ rẹ̀. Ó ní iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ìrẹsì, bó ti wù kí wọ́n má dùn lẹ́nu tó, ṣúgà ni wọ́n ń dà bí wọ́n bá dé inú. Ó ní ṣúgà yìí ni ara ń jó bí àtùpà ṣe ń jó epo, òun ló ń gbé wa rìn, òun ló ń jẹ́ kí a lè na ọwọ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ara wọn kì í lè lò ó mọ́. Á kún inú ẹ̀jẹ̀ wọn, ara á máa fi omi ṣàn án jáde, ìdí nìyẹn tí òùngbẹ fi ń gbẹ wọ́n. Oúnjẹ kún inú ẹ̀jẹ̀, ebi sì ń pa ẹran ara. Ó ní abẹ́rẹ́ kan wà fún un, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gún un, ibi tí a sì ti wá jìnnà. Ó ní kí a kọ́kọ́ ṣọ́ oúnjẹ ná. Kí bàbá jẹ ẹ̀fọ́, ẹja, ẹran, ẹyin, àti ẹ̀wà níwọ̀nba. Kó má fi ẹnu kan oyin. Kó sì fi iṣu sílẹ̀.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ọmọkùnrin náà. "Ẹ bá mi bi í, ṣé ó mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe?"

Nígbà tí wọ́n sọ fún dókítà, òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní ó lè máa gbìn ín, kó má sáà jẹ ẹ́.

Bàbá mi sún mọ́ ọmọkùnrin náà. "Ẹ bá mi tún bi í. Bí ẹnì kan bá ní àìsàn yìí tí kò mọ̀, tí wọ́n wá ń fún un ní iṣu jẹ, ṣé iṣu náà lè pa á?"

Dókítà dáhùn, ọmọkùnrin náà sì túmọ̀ rẹ̀ pé ó lè pa á.

Nínú lọ́rì tí a wọ̀ padà, ìta ni bàbá mi kọjú sí. Ó ń wo oko iṣu àwọn ẹlòmíràn lójú ọ̀nà títí a fi dé ilé.

Ilé wa yí padà. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹja gbígbẹ, ẹran ìgbẹ́ bí ọdẹ bá pa, ẹ̀wà díẹ̀, ohun tí ìyá mi ń sè fún un nìyẹn. Kò jẹ́ kí ìró odó jáde mọ́ nínú ilé wa. Ilé ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ ni ó ti ń lọ gún iyán tiwa. Láàárín oṣù díẹ̀, ahá dákẹ́. Èèrà fi ògiri sílẹ̀. Ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í bo èjìká bàbá mi padà, ìyá mi sì dúpẹ́ nínú ìjọ.

Ní ilé-ìwé, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ afáralókun. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ewé iṣu ló ń gba oòrùn tí ó sì ń fi ṣe oúnjẹ, tó ń kó o pamọ́ sínú ilẹ̀ de ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ọ̀gbìn náà lè tún hù. Pé oúnjẹ tí iṣu kó jọ fún ara rẹ̀ ni àwa ń wà jẹ. Mo wá gbé iṣu sísè tó ti tutù wá, mo fún olúkúlùkù ní ègé kékeré. Mo ní kí wọ́n máa jẹ ẹ́ lẹ́nu títí, kí wọ́n má gbé e mì. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ dákẹ́, ẹnu nìkan ló ń lọ. Nígbà tó yá, ọmọbìnrin kan kígbe, "Ó ti ń dùn, Tíṣà!" Àwọn yòókù náà ń kígbe pé ó ń dùn, ó ń dùn bíi ṣúgà. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n èmi rí ahéré oko kan tí n kò dé rí, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan lórí ẹní, tó ń jẹ iṣu, tó ń bèèrè omi.

Òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo tún gbọ́ ahá. Mo wo ojú ìyá mi, òun náà ti gbọ́. Ó lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó sì padà wá. Èèrà ti dé.

"Kí ló ń jẹ?" ni mo bi í. "Ṣé oko ló ti ń jẹ ẹ́ ni?"

"Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lóko ní kò fẹnu kan nǹkan kan. Mo ti bi wọ́n."

A kò rò ó dé ọ̀dọ̀ ìkejì rẹ̀. Iṣu kò tíì kúrò nínú igbá kékeré yẹn láti ọjọ́ tí a ti ọsibítù dé. Bàbá mi ló ní kí ìyá mi máa sè é lọ́tọ̀, ó ní wọn kò sọ pé òkú ní àìsàn. Òun náà ló sì ń ṣan igbá náà fúnra rẹ̀ báyìí, nítorí náà kò sí ẹni tó kíyè sí i pé adìẹ kò rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kan, mo gbàgbé bébà tí mo fẹ́ fi ṣiṣẹ́, mo sì padà wálé lọ́sàn-án nígbà tí àwọn ọmọ ń ṣeré. Ìyá mi wà lọ́jà. Ilẹ̀kùn yàrá bàbá mi ṣí sílẹ̀ díẹ̀, oòrùn sì gba fèrèsé wọlé síbẹ̀. Mo yọjú. Ó jókòó sórí àpótí. Ó ti gbé ère náà sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé igbá kékeré náà lé itan, ó ń jẹ iṣu. Ọwọ́ òsì ló fi ń jẹ ẹ́.

Bẹ́ẹ̀, bàbá mi yìí ló jẹ́ pé bí ọmọ ilé wa bá fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, á gbà á padà. Ó gbé ojú sókè, ó wò mí. Kò gbìyànjú láti gbé igbá náà pamọ́.

"Bàbá mi, kí lẹ̀ ń jẹ yẹn?"

"Èmi kọ́ ni mò ń jẹ ẹ́, Tíṣà."

"Ta ló ń jẹ ẹ́?"

Ó wo ọwọ́ òsì náà bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. "Máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ," ó wí fún mi jẹ́jẹ́. "Àwọn ọmọ ń dúró dè ọ́."

A ránṣẹ́ sí Ayétẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi dé tí mo sì sọ ohun tí mo rí fún un, ó kọ́kọ́ gbọ́ títí mo fi dé orí ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì. Ó mú gèlè rẹ̀ kúrò lórí.

"Ọlọ́wọ́ òsì ni ìkejì rẹ̀," ó wí. "Ìyá wa nà án títí, kò yí i padà."

Ó dìde, ó wọ yàrá bàbá mi, ó ní kí èmi àti ìyá mi máa bọ̀. Bàbá mi wà lórí ẹní, ó ti rù padà.

"Àbúrò mi, kí lo fẹ́ kí n ṣe? Ṣé kí n wá sin ìwọ náà ni?"

Bàbá mi yíjú sí ògiri.

"Ṣé ìkejì rẹ ló ní kí o máa bọ̀? Sọ fún mi. Bí òun bá ni, màá bá a sọ̀rọ̀. Èmi lẹ̀gbọ́n ẹ̀yin méjèèjì."

"Kò pè mí," ni bàbá mi wí. "Ì bá pè mí, ì bá dára." Ó mí kanlẹ̀. "Èmi ni mo pa á."

Ìyá mi ní, "Háà, Bàbá Tíṣà!"

"Ẹ ò gbọ́ ohun tí òyìnbó sọ? Bí ìkejì mi bá ti ní ó ń rẹ òun, iṣu ni mò ń sun. Bó bá ní kò wu òun, màá bẹ̀ ẹ́. Mo ní bó bá jẹun á sanra. Èyí tó dùn jù lọ nínú àká ni mò ń wá fún un. Mo fi ọwọ́ mi bọ́ ọ títí tí kò fi lè la ẹnu mọ́. Ìgbà tó sì kú, mo tún ń bọ́ ọ. Láti ọjọ́ tí ère rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ mi ni mo ti ń gbé ohun tó pa á síwájú rẹ̀." Ó fi ọwọ́ bo ojú. "Mo ní kí n bá a jẹ ẹ́ tán."

Èmi ni mo mú un lọ síbi tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó tì í. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ta ló gbé oyin wá sí ahéré yẹn?"

Bàbá mi gbé ojú sókè.

"Èmi ni. Mo po ó mọ́ omi fún un, mo ní á fún un lágbára. Ìyá wa gbé ẹ̀kọ wá. Àwọn ìyàwó ilé gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n wá. Gbogbo wa la bọ́ ọ. Bí o bá fẹ́ kú nítorí ìyẹn, sún díẹ̀ kí n rí àyè dùbúlẹ̀ sí."

Bàbá mi sunkún. N kò rí i kó sunkún rí, n kò sì tún rí i mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dì í mú bí ọmọ ọwọ́, àwọn arúgbó méjèèjì ń mì síwá sẹ́yìn lórí ẹní náà. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ̀wà ni ìyá wa máa ń gbé síwájú ère rẹ̀ nígbà tí ìyá ṣì wà láyé. Ìwọ lo sọ ọ́ di iṣu nígbà tó bọ́ sọ́wọ́ rẹ. Ẹ̀wà náà ni kí a padà sí." Bàbá mi mi orí pé òun gbọ́.

Láti ìgbà náà, ẹ̀wà ni ìyá mi ń sè fún ẹni tó wà láyé àti ẹni tí kò sí. Àlàáfíà bàbá mi padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tó ti àkọ́kọ́. Ó lo ọdún díẹ̀ sí i, ó ń lọ sí oko, ó ń kọ ebè, ó sì ń wo iyán tiwa láti òkèèrè láìráhùn. Àmọ́ nígbà mìíràn, tó bá jókòó, mo máa ń rí i pé ó fi ọwọ́ ọ̀tún di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú, bí ẹni tó di ọmọ mú kó má baà lọ sójú ọ̀nà.

Kùkùté kan gún un lẹ́sẹ̀ lásìkò tí wọ́n ń gbin ẹ̀bù iṣu. Ọgbẹ́ kékeré ni, ó ní kò dun òun. Kò jinná. Ó dúdú, ó sì ń gòkè. Ní Abẹ́òkúta, wọ́n ní àwọn máa gé ẹsẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gé e ni ibà líle gbé e dè. Èmi ni mo jókòó tì í. Ó sọ̀rọ̀ oko díẹ̀, ó ní kí wọ́n má jẹ́ kí koríko bo àwọn ebè òkè. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹnì kan tí n kò rí sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ dùn, ó ń rẹ́rìn-ín, bí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá ojúgbà rẹ̀ tàkúrọ̀sọ. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó kú kí oòrùn tó wọ̀.

A gbé e wá sin sílé. Òjò rọ̀ dáadáa lọ́dún yẹn, iṣu tó gbìn kẹ́yìn sì ta ju ti ìgbàkigbà lọ. Nígbà tí wọ́n wà á dé, ìyá mi kò fọwọ́ kàn án fún ìgbà pípẹ́. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó ti odó dé ojúde, ó se iṣu náà, ó sì gún un. Gbogbo ilé gbọ́ ìró náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà níbẹ̀, àwọn ará ilé pẹ̀lú. A jókòó yí ọpọ́n ká, kò sí ẹni tó na ọwọ́. Iyán náà funfun, oòru ń jáde lára rẹ̀.

Ìyá mi bu òkèlè àkọ́kọ́, ó fi sẹ́nu, ó sì rọra jẹ ẹ́ títí kó tó gbé e mì.

"Ẹ máa jẹun," ó wí. "Ó ti ń tutù."